Àpótí Bàbá Síkírá Níbi Eré Ọkọ̀

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí etí ọ̀sà Ajah bíi tèmi, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó máa ń wọnú aṣọ, ó máa ń wọnú irun, kódà ẹ̀kọ tí a bá mu láàárọ̀ máa ń ní in lára. Bàbá mi ti dáná sẹ́yìn ilé, ìkòkò ọ̀dà ti wà lórí iná, agbọ̀n òwú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tún ṣe. Tí pákó ọkọ̀ apẹja kan bá là, tí omi ń wọlé, ọ̀dọ̀ Bàbá ni àwọn apẹja ń wọ́ ọ wá. Wọ́n á rẹ òwú sínú ọ̀dà, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ ki òwú náà bọ ojú ibi tó là, wọ́n á tún fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Tí ó bá gbẹ tán, wọ́n á gbé ọkọ̀ náà sórí igi méjì, wọ́n á pọn omi kún inú rẹ̀, wọ́n á sì da eérú gbígbẹ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló jò, ojú eérú á fi hàn. Oníbàárà tó bá ń kánjú, ohun tí wọ́n á sọ fún un ni pé, "Fara balẹ̀, jẹ́ ká bi eérú léèrè."

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn gan-an. Èmi ni àkọ́bí wọn, nítorí náà Bàbá Síkírá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí olùkọ́ wa fi ọ̀dà funfun bá wọn kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́ wọn, gàdàgbà gàdàgbà: BÀBÁ SÍKÍRÁ. Àlejò tó bá béèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́, "Bàbá Síkírá ni mí," ni wọ́n á wí, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ẹnu wọn, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, eré ọkọ̀ wà, ti ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n la títì wá sí ọ̀dọ̀ wa, kọ́ńtírakítọ̀ kan ṣe títì kan tó yípo láàárín igi àgbọn, pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Ilé kò jáde, títì ló kù. Nígbà ẹ̀rùn, àwọn ọlọ́kọ̀ eré láti Èkó, láti Ìbàdàn, títí dé Kútọnu, máa ń kóra jọ síbẹ̀. Wọ́n á fi Sátidé dán ọkọ̀ wọn wò, wọ́n á sá eré gan-an lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwa ọmọ Ajah kì í sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè nàró kó máa wo orí ẹni tó ń wà á. Tí wọ́n bá ń kọjá, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, òórùn pẹtiróòlù á sì bo ti ẹja yíyan mọ́lẹ̀ pátápátá.

Mo ti mú ọkọ̀ tí mo fẹ́ kó borí, aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ méje sí lára. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìbàdàn ló ni ín. Ọ̀sán Sátidé náà ni òkúta ta bá rédíétọ̀ rẹ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń wà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ là, tí gbogbo omi inú rẹ̀ sì dà sórí títì. Wẹ́dà kan ṣoṣo tó ń jó irin pọ̀ ní Ajah ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni òun ti ń múra ọjọ́ yìí, pé òun á kàn ti ọkọ̀ náà lọ sílé ni. Ẹnu mi yá, ó sì tún ń yá títí dòní. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Bàbá mi lè dí i. Kò sí ihò tí wọn ò lè dí."

Nígbà tí mo sáré délé, Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ orí ilẹ̀, ti omi nìkan ni àwọn mọ̀. Mo ní mo ti ṣèlérí, ojú máa tì mí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n yí rédíétọ̀ náà síwá sẹ́yìn, wọ́n fi èékánná kàn án, wọ́n sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé nǹkan yìí máa ń gbóná?"

Ọlọ́kọ̀ ti lọ wá omi tí yóò fi bọ́jú. Èmi ni mo dáhùn. Olùkọ́ ti kọ́ wa pé omi inú ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ́ kó tutù, mo sì gbà pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Omi tútù ni wọ́n ń bù sí i." Wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣebí èmi ni mo mọ̀wé nínú ilé wa.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni ń ṣe é fún ọba. Wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n bò ó, wọ́n pọn omi sí i, wọ́n da eérú sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, eérú náà gbẹ bí àtíkè. Ọkùnrin ará Ìbàdàn dì mọ́ Bàbá, Bàbá sì ń wò mí láti orí èjìká rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ tí inú wọn dùn sí mi jù láyé nìyẹn.

Èrò pọ̀ lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Èkó ní kí n wá dúró pẹ̀lú òun lábẹ́ agbòòrùn òun. Bàtà rẹ̀ funfun, ó ń fún mi ní bisikíìtì, kò tíì béèrè orúkọ mi. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ búlúù wà níwájú. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó yípo lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń fò sókè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú lórí rẹ̀, ó yà sínú yanrìn, ó dúró, gbogbo ọkọ̀ yòókù sì kọjá lára rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ ṣí iwájú ọkọ̀. Omi ti hó, ọ̀dà ti yọ́, ó ń kán tó, tó, tó. Ẹnìkan fi igi fa òwú dúdú gígùn kan jáde, ó gbé e sókè fún ayé rí, ẹ̀rín sì ta láàárín èrò. Ọ̀kan ń pariwo pé ta ló fi òwú dí mọ́tò, ṣé ọkọ̀ ẹja ni? Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá mi yọ láàárín èrò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, àpótí wà léjìká, wọ́n ń lọ sídìí ọkọ̀ náà. Iwájú wa gan-an ni wọ́n máa gbà kọjá.

Ọmọbìnrin náà ka ohun tó wà lára àpótí síta. "Bàbá Síkírá," ó wí. Ó yíjú sí mi. "Ta ni Síkírá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo sọ.

Bàbá ò jìnnà sí wa ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n dúró. Wọn ò wo ojú mi, bàtà funfun yẹn ni wọ́n wò, wọ́n wá gbé àpótí náà sí èjìká kejì kí ibi tí wọ́n kọ̀wé sí lè kọjú sí ọrùn wọn, wọ́n sì kọjá lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọlọ́kọ̀ pé kó má bínú, ohun tí àwọn ò mọ̀ ni àwọn fọwọ́ kàn. Wọn ò sọ pé ọmọ kan ló ní kì í gbóná. Ọkùnrin náà di ọwọ́ wọn mú, ó ní òun ló yẹ kí òun ti sọ fún wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nílé, mo ń retí ìbínú. Kò dé. Wọ́n bu orí ẹja fún mi nínú àwo wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n jẹun. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà rí, èmi náà ò sì sọ ọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé wọn ò gbọ́. Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo wọlé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, mo ń gbé inú ọgbà. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá pè mí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó ní ẹnìkan ń wá mi. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Ó ní Súlè tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni òun. Ó ní ará àdúgbò kan náà ni yín."

Mo jáde. Bàbá mi ló dúró lẹ́yìn géètì, gààrì àti ẹja yíyan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wọ aṣọ ọdún wọn. Wọ́n ń fi ojú bi mí bóyá bí àwọn ṣe dárúkọ ara àwọn fún ẹ̀ṣọ́ yẹn dára. Mo gba ẹrù náà, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi béèrè ẹni tó wá, mo ní ará àdúgbò wa ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lábẹ́ agbòòrùn, ẹ lè ní ọmọdé ni. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu géètì yẹn. Títí mo fi jáde nílé ìwé náà, bí wọ́n ṣe ń wá mi nìyẹn, títí wọ́n sì fi kú, n kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ilé olókè ló wà lórí títì eré ọkọ̀ yẹn báyìí. Àpótí náà wà nínú pálọ̀ mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ìyá Kúnlé ni wọ́n ń pè mí lọ́jà, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń dáhùn kíákíá, ẹ̀rín á sì gba ẹnu mi. Bàbá mi náà dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ mi ni wọ́n ń jẹ́, èmi sì ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn.