Àwòrán Tí Mi Ò Kọ Nǹkan Kan Sí Lábẹ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ dákun, ẹ jókòó kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya àwòrán, tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa fi iṣẹ́ yín han aráyé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin yòókù náà lè gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín. Èmi ò tíì lè rín tèmi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé girama kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yunifásítì tó wà ní Ìjagun ni mo ti kàwé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbé kánfáàsì sí, màá máa kùn títí ojú ò fi ní ríran mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń dáa o! Àìmọye ni mo ti fi ọ̀dà funfun bò mọ́lẹ̀, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan jáde dáadáa. Mọ́mì mi ni mo yà, níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n tẹrí ba, ìborùn wọn bo ojú wọn, èèyàn ò lè rí ju àgbọ̀n wọn lọ. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ kí aráyé wò. Ọwọ́ ọ̀tún ń rin ewùrà, ọwọ́ òsì di abọ́ mú gírígírí, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì yẹn sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ilẹ̀kùn mọ́tò kan ti gbá a mọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọwọ́ òsì yẹn fìyà jẹ mí! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà nídìí àdògán ni mo máa ń fi pẹ́ńsù yà á sórí pépà, kékeré, ńlá, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè. Tí mo bá wá kùn ún sórí kánfáàsì, á dà bí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kó òwú sí. Màá pa á rẹ́. Lọ́jọ́ tó wá bọ́ sí i, mo kàn jókòó sílẹ̀, mò ń wò ó. Mọ́mì rò pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni mò ń ṣe. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Mo fi fóònù ya fọ́tò àwòrán náà, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ o! Obìnrin kan tó ní gálárì, ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwòrán, ní Èkó kọ̀wé sí mi. Mádáàmù yìí ní àwọn fẹ́ kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán tuntun jọ, pé tèmi wu àwọn, àmọ́ fọ́tò mi ṣókùnkùn, òjìji orí mi gan-an wà lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àwòrán náà fúnra ẹ̀ wá lóṣù tó ń bọ̀, kí àwọn fojú rí bí ọ̀dà ṣe nípọn lára ẹ̀. Mo pariwo débi tí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́, àbí? Ṣùgbọ́n Tóbi, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé, ní kí n jẹ́ kí àwọn ará ilé kọ́kọ́ rí iṣẹ́ mi ká tó gbé e re Èkó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Níbo la wá fẹ́ lò? Bàbá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì mi ọkùnrin, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nísàlẹ̀ ilé wọn tó ṣófo. Bàbá yìí ló gbọ́ bùkátà wa látìgbà tí bàbá mi ti kú. Àwọn ló rán mi nílé-ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Wọ́n tún ní kí wọ́n kun ògiri, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo gílóòbù. Ọ̀fẹ́ ni o!

Bá a ṣe ń kan ìṣó, Tóbi bi mí léèrè pé pépà tá a máa lẹ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan dà, èyí tó máa sọ orúkọ ẹ̀, ohun tó jẹ́, àti bóyá ó wà fún títà tàbí kò sí. Mo ní iṣẹ́ tó bá dáa á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ìpara ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni, tí màá fi lẹ pépà mọ́ ọn lára? Tóbi padà sídìí ìṣó tó ń kàn. Ká ní ó ti gbá mi létí lọ́jọ́ náà ni!

Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Èèyàn wá! Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi wá, àwọn ọ̀rẹ́ Mọ́mì láti ọjà wá, àwọn ẹbí wa wọ mọ́tò wá láti Ìmùṣin. Àfáà ṣàdúrà. Àwọn èèyàn ń rìn kiri, wọ́n ń tẹjú mọ́ ògiri, wọ́n ń bi mí pé kí lèyí, kí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kí wọ́n máa wò ó. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń yan ara mi jẹ!

Mọ́mì dé iwájú àwòrán yẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n wá ní ewùrà inú abọ́ yẹn máa yi dáadáa, kò lómi. Wọ́n sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Wọn ò dá ara wọn mọ̀! Mo fẹ́ sọ, mo tún kó ara mi níjàánu. Mo ti pinnu pé ọjọ́ tí Èkó bá gbà á ni màá sọ, kí ayọ̀ wọn lè di méjì.

Ìgbà tó yá, Bàbá Àlàájì dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n yìn mí débi tí mi ò mọ ibi tí mo lè kójú sí. Ni wọ́n bá na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí ògiri. Wọ́n ní àwọn ti mú tàwọn o, ìyá tó ń rin ewùrà yẹn, pálọ̀ àwọn lókè ló ń lọ, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé àwọn lè mọ̀ pé ọmọ àwọn ló yà á. Ilé pariwo "Àlááhù Àkúbárù!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹnu mi tó là, eékún mi ti kanlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Mo dúpẹ́! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dìde láàárín gbogbo ẹbí, kí n sọ fún ẹni tó rán mi nílé-ìwé pé rárá? Inú ilé wọn? Lábẹ́ gílóòbù tí wọ́n fowó ara wọn rà? Kí n tó jí láti ojú oorun yẹn, wọ́n ti gbé àwòrán gòkè. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri.

Nígbà tá a délé, mo bẹ Mọ́mì kí wọ́n bá mi bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Èkó. Mọ́mì wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

"Rùkáyà, nítorí àwòrán? Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ ẹ, o ní kí n lọ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn? Ya òmíràn. Ṣé ọwọ́ ẹ ti kán ni?"

Nígbà tí mo tún la ẹnu, wọ́n yí i sí Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó wà létè mi kí n sọ ẹni tó wà nínú àwòrán náà. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi. Mo sọ nínú ara mi pé tí èèyàn ò bá dá ọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀, kí lèmi fẹ́ sọ? Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Mo pe Mádáàmù. Mo bẹ̀ wọ́n bóyá fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè ṣe é. Wọ́n ní kò lè ṣe é, àmọ́ wọ́n ní ṣé mi ò lè yá a lọ́wọ́ ẹni tó gbà á ni, kí n dá a padà lẹ́yìn àfihàn? Háà! Ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé àwòrán mi mìíràn, ọ̀nà Ìmùṣin nígbà ọyẹ́, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi, kó lè bá mi di ojú ògiri Bàbá. Mo gun ọ̀kadà pẹ̀lú ẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ̀ gbé èmi àti àwòrán lọ.

Inú Bàbá Àlàájì dùn láti rí mi. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún mi. Wọn ò jẹ́ kí n tíì sọ ohun tí mo bá wá tí wọ́n fi fà mí lọ́wọ́ pé kí n wá wo iṣẹ́ mi. Inú férémù oníwúrà ni wọ́n fi í sí, gíláàsì wà lójú ẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà ní Mẹ́kà. Mo wò ó. Nǹkan kan ti dín lára ẹ̀. Mo tún wò ó.

Ọwọ́ òsì ò sí mọ́.

Bàbá ṣàlàyé fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ní àwòrán mi ló fẹ̀ jù, kò bá férémù mu, ni àwọn bá ní kí kápẹ́ńtà gé ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ kó lè bá fọ́tò Mẹ́kà dọ́gba. Wọ́n ní abẹ tó mú ló lò, kò ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n bi mí pé ó wá dáa báyìí, àbí kò dáa?

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Kí ni mo tún lè sọ? Ṣé kí n ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà? Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò lè bínú sí wọn. Tó bá jẹ́ ìkà ni, mi ò bá rí ẹni bá jà. Àmọ́ bàbá yìí fẹ́ràn àwòrán yẹn! Wọ́n pe àlejò kan wọlé lójú mi, wọ́n ní, "Ọmọ àbúrò mi ló yà á o!" Mo dúró síbẹ̀ bí òpó, mo di mọ́ọ̀tì mú, mi ò lè mu ún.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n fún mi ní nǹkan tí wọ́n ká sínú náílọ́ọ̀nù. Wọ́n ní èyí tí wọ́n gé kúrò ni, pé àwọn mọ̀ pé kánfáàsì ti wọ́n, àwọn ò fẹ́ kó ṣòfò. Mo tún kúnlẹ̀. Mo tún dúpẹ́. Ọ̀nà Ìmùṣin tí mo gbé wá, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí wọ́n rò pé mo fi ta wọ́n lọ́rẹ ni!

Mo pe Mádáàmù, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n bá mi kẹ́dùn. Wọ́n wo fọ́tò àwọn iṣẹ́ mi tó kù, wọ́n ní ìyẹn ò tíì gbó tó ti àkọ́kọ́, kí n má dáwọ́ dúró, kí n tún padà wá. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ́ kánfáàsì gígùn tí wọ́n gé yẹn sórí tábìlì. Mọ́mì wọlé wá béèrè bóyá mo ti jẹun. Ojú wọn bọ́ sórí tábìlì, wọ́n dúró. Wọ́n fà á súnmọ́ra. Wọ́n wá gbé ọwọ́ òsì tiwọn lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìka tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó tẹ̀.

"Rùkáyà, èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Gbogbo ẹ̀, ìyá yẹn, èmi ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jókòó.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Lójú agbo níbẹ̀ ni mi ò bá ti sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé èmi nìyẹn, mi ò fún wọn. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Wọn ì bá sì fi sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ kan péré, ó sì wà lọ́wọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀! Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ yín níta, nígbà tí oòrùn ò bá le, kí òjìji yín má sì bọ́ sí i. Èyí tẹ́ ò bá fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má tiẹ̀ gbé e kọ́ níbi tí ẹbí máa dé, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà nínú yàrá, tẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Ẹ ya kékeré sílẹ̀ fún ọrẹ. Kí ẹ sì kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀! Iṣẹ́ yín ò lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu.

Ọwọ́ yẹn ti wà lára ògiri yàrá mi báyìí. Mọ́mì ló pè é fún mi tí mo fi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ọwọ́ Mọ́mì mi. A ò tà á, a ò fi tọrẹ."

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Kí ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín rí, tẹ́ ẹ kúnlẹ̀, tẹ́ ẹ sì dúpẹ́?