Sàfíátù Onírépé àti Àrán Àárín Ìbora

Ọwọ́ Sàfíátù kì í sinmi. Bí ó bá jókòó ti obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ a máa ká etí ìró onítọ̀hún, a sì máa wò ó bí ẹni tí ń wá ibi tí a lè ti gé e. Gbàdàmọ́sí ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó ní Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀, a máa wí pé lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n yáa lọ pe lèmọ́mù wá.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ni Gbàdàmọ́sí gbé e wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì bí Àlíù ọmọ wọn sí. Ilé ahunṣọ ni ilé bàbá rẹ̀, níbi tí wọn kì í ti í sọ fọ́nrán òwú kan ṣoṣo nù. Nítorí náà, nígbà tí ó rí ohun tí ọkọ rẹ̀ ń gbá dànù lábẹ́ maṣíìnì, àyà rẹ̀ já. Ìrépé àǹkàrá wà níbẹ̀, ìrépé pópílíìnì wà níbẹ̀, ìrépé kakí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù, ìrépé sàtín aṣọ ìyàwó, àti ti àdìrẹ tí ó ti ṣá tí ó kù díẹ̀ kó funfun. Ó wá àpò ìyẹ̀fun kan, ó kó gbogbo wọn sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ilé wọn: ohunkóhun tí ó bá ti wọ àpò ìrépé, Sàfíátù ló ni ín, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀ mọ́.

Aṣọ ìbora ni ó ń fi wọ́n ṣe. A gé wọn sí onígun mẹ́ta, sí onígun mẹ́rin, sí ìrísí ewé. A rán wọn pọ̀ títí wọn yóò fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. A tẹ́ òwú sí wọn lábẹ́, a fi láínìn gbè é, a sì fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí òwú inú má baà ṣù jọ. Kí ó tó parí ọ̀kan, òmíràn ti ń rìn nínú orí rẹ̀ bí èèrà.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Akpevwe wá ra bọ́tìnnì ní ìsọ̀ wọn. Ọmọ Ùròbò ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan lójú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé bátànì jáde fún àwọn obìnrin lóṣooṣù: bátànì aṣọ ọmọ tuntun, ti aṣọ orí tábìlì, ti tìmùtìmù, ti ohun gbogbo tí abẹ́rẹ́ lè ṣe. Ó rí ìbora kan lórí okùn, ó gbàgbé bọ́tìnnì.

“Ta ló ya bátànì eléyìí?”

“Bátànì wo? Orí mi ló ti wá.”

“Ìyá Àlíù, abẹ́g, ẹ gbé orí yẹn wá sí Àpápá lọ́la.”

Báyìí ni iṣẹ́ tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì rọrùn. Ohun tí Sàfíátù ń fi ojú gé tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó gbọ́dọ̀ yà sórí bébà, kí obìnrin tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Sàpẹ́lẹ̀ lè gé e láìrí i sójú. Inú bébà sìmẹ́ǹtì ni ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya wọ́n sí, Akpevwe a sì tún wọn kọ. Àwọn ìlànà kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: kí á fọ aṣọ kí á tó gé e, kí á lọ̀ ọ́, kí á má ṣe rán aṣọ tí ń sún kì mọ́ èyí tí kì í sún kì, bí ó bá sì jẹ́ àrán ni, kí irun rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn dé Àpápá láàrin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ìgbà mìíràn a sì dé ìdajì ọ̀nà, a yí padà wálé láti tú ojú ìránṣọ kan tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Bátànì rẹ̀ jáde léraléra, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìtẹ̀wé nìkan ló ń wà lára wọn. Nígbà tí ó di ìparí ọdún kan, Akpevwe dé pẹ̀lú ìròyìn.

“Ti èèpo ìwé ni wọ́n ń fẹ́ o, mà. Aláwọ̀ mèremère. Orúkọ yín gan-an ló máa wà níwájú.”

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ìbora tí ó gbèrò ni ó sọ ní Ìgbì Àpápá: ìgbì aláró àti ìgbì aláwọ̀ eérú tí ń sáré yípo, tí gbogbo wọn ń kọjú sí àárín, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ òkun. Ìgbì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, oòrùn ni kò gbọ́. Ó fi àǹkàrá aláwọ̀ ìyeyè sí i, ó ń pariwo. Ó fi sàtín sí i, ó ń yọ̀. Ó da àpò ìrépé délẹ̀, ó sì rí àrán kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá, aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tó fẹ̀ tó atẹ kékeré. Kò bi ẹnikẹ́ni. Gbàdàmọ́sí ti lọ sìnkú ní Ìsẹ́yìn, òfin ilé sì ti wà. Ó gé àrán náà bí ewé, ó tò ó yípo, oòrùn sì là.

Akpevwe rí i, ó figbe ta. Ó ní ayàwòrán yóò dúró dè wọ́n ní Àpápá lọ́jọ́bọ̀.

Ọjọ́rú ni Gbàdàmọ́sí ti ìrìn àjò dé, ó bá ìbora lórí okùn níwájú ìsọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

“Ìyá Àlíù, àárín yìí ò ti mọ́lẹ̀ jù báyìí?”

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń dá sí àwọ̀ ìbora mi?”

“Mo kàn ń sọ tèmi ni. Àǹkàrá ńkọ́?”

“Bàbá Àlíù, ẹ wojú mi. Àrán ta ni?”

Gbàdàmọ́sí ṣí fìlà lórí, ó tún un dé. “Ti Ìyá Oyèníran ni.”

Ìyá Oyèníran ni olówó obìnrin tí ń ta ìyẹ̀fun lójú pópó. Ó ti kó àrán wá rán bùbá àti ìró, ó sì ní kí wọ́n fi èyí tó bá ṣẹ́kù rán fìlà fún ọkọ òun. Gbàdàmọ́sí ti búra fún un pé kò ṣẹ́kù, pé irun àrán tó gbọ́dọ̀ kọjú sọ́nà kan náà máa ń jẹ aṣọ. Fìlà Iléyá tirẹ̀ ló ní lọ́kàn. Inú àpò ìrépé ló fi í pa mọ́ sí, nítorí kò sẹ́ni tí í wá ohun gidi níbẹ̀.

“Ẹ jí i.”

“N kò jí i, mo ṣẹ́ ẹ kù ni.”

“Òun náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Tú u, kí o fi nǹkan mìíràn dí i. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé, ta ló tún máa gbé aṣọ fún mi?”

Sàfíátù wo oòrùn tí ó là sáàárín ìgbì. Bí ó bá tú u, èèpo ìwé lọ, orúkọ rẹ̀ náà lọ. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan ló kù: kí ẹni tó ni àrán fún un ní àrán. Ó ká ìbora, ó gbé e rù. Ó dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Oyèníran, ó yí padà. Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó tún yí padà, kó tó wọlé.

Ìyá Oyèníran jókòó láàrin àwọn àpò rẹ̀, ìyẹ̀fun kún ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Aya télọ̀! Ṣé ọkọ rẹ rán ọ wá sọ pé àrán mi tún ti jẹ aṣọ sí i ni?”

Sàfíátù kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìbora sórí àpò ìyẹ̀fun. Ìyá Oyèníran nawọ́ sí i. Ó fi ìka ra irun àrán lọ, ó tún fi ra á bọ̀.

“Áà! Àrán tó jẹ aṣọ ló wá bì í síbí!”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo gé e, n kò mọ̀. Ẹ fún mi. Orúkọ mi máa wà lójú ìwé.”

“Orúkọ tìrẹ, àrán tèmi. Tèmi ńkọ́? Tú u.”

“Mà…”

“Mo ní kí o tú u. Ọkọ rẹ ló máa rán an pọ̀ ní fìlà, lọ́fẹ̀ẹ́, níwájú ìsọ̀, kí gbogbo Ajégúnlẹ̀ máa wò ó.”

Sàfíátù tú u lórí eékún rẹ̀, bí ẹni tí ń fa irun ojú ara rẹ̀. Ìgbì ṣì ń sáré yípo, ihò ni wọ́n ń sáré sí.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó fi kakí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù dí ihò náà, ó sì gbé e lọ sí Àpápá. Akpevwe tú ìbora náà wò.

“Oòrùn dà?”

“Ó ti wọ̀.”

“Ìyá Àlíù, ẹ pa mí o!”

Aṣọ orí tábìlì ló gba èèpo ìwé. Inú ni wọ́n tẹ Ìgbì Àpápá sí, láìláwọ̀, ṣùgbọ́n Akpevwe jà títí tí wọ́n fi kọ orúkọ Sàfíátù sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Sàfíátù fúnra rẹ̀ ló sọ ìlànà àárín: “Aṣọ tí ó wù yín jù, tí ó sì jẹ́ tiyín, ni kí ẹ fi sí i.”

Ìyá Oyèníran gbé ìwé náà wá sí ìsọ̀ tìbínú-tìbínú.

“Kakí! Ṣé o ò lè bẹ̀ mí dáadáa ni?”

“Mo kúnlẹ̀, mà.”

“Ìwọ̀nba ìkúnlẹ̀ nìyẹn? Ò bá yí gbirigbiri nínú ìyẹ̀fun!”

Láti ìgbà tí Gbàdàmọ́sí ti rán fìlà náà níwájú ìsọ̀, ó ń di ìrépé oníkálukú fún un níṣojú gbogbo ènìyàn. Àpò ìrépé gbẹ. Sàfíátù wá ń kiri ojúlé dé ojúlé, ó ń tọrọ etí aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a sì sọ ohun tí yóò fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fún wọn kó tó gbà á.

Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń ti Àpápá bọ̀ nígbà tí ó rí Ìgbì Àpápá lórí okùn nínú àgbàlá kan tí kò mọ ẹni tó ni ín. Àdìrẹ ni ẹni náà fi sí àárín, ó sì dára. Àmọ́ ìgbì igun kan kọ̀yìn sí àárín. Sàfíátù kọjá. Ó yí padà, ó tún kọjá. Kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yọ abẹ́rẹ́ tí ó máa ń há sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì kan ìlẹ̀kùn.