Òdòdó Tí Mo Gbìn Sínú Iyanrìn Ajah

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan dìde nínú ìjọ wa, ó kìlọ̀ fún àwa ìyá pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìtọ́jú ọmọ dúró nítorí pé ó ń retí àmì. Àwọn kan kùn. Èmi wo ilẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ibà líle kan ṣe é, tí ibà náà sì gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ilé wa kò jìnnà sí oríta Abraham Adésànyà ní Ajah. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù ní kí n máa gbé e wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Mo gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ń sunkún, ẹsẹ̀ kò sì yí padà.

Nígbà náà ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin wa rán mi létí ohun tí àwọn wòlíì Ísírẹ́lì sọ: bí Ọlọ́run bá dá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sípò, aginjù yóò tanná, omi yóò sun ní ilẹ̀ gbígbẹ, arọ yóò sì máa fò bí àgbọ̀nrín. Ó ní, “Arábìnrin, gbin òdòdó sínú iyanrìn, máa bomi rin ín. Ọjọ́ tó bá tanná, ọmọ á rìn. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sí ọsibítù, ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ Ọlọ́run.”

Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í ṣa ohun tí yóò dì mú. Ẹ wá wo ọgbọ́n mi: ní Ajah, níbi tí ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún ti ń bá omi, èmi ń wá aginjù. Mo rí i lẹ́bàá ògiri wa, níbi tí wọ́n fi iyanrìn dí irà. Mo dá ọsibítù dúró, mo sì gbin òdòdó kan síbẹ̀. Ní agogo méje ààbọ̀ láràárọ̀, agolo omi kànga kan, kò lé, kò dín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, gbogbo ewé rẹ̀ ti gbẹ. Mo já ọ̀kan lọ bá bàbá tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Igbó Ẹfọ̀n.

“Àǹtí, iyọ̀ inú omi yín ló pa á.”

“Ẹ bá mi wá èyí tó jọ ọ́, tó ti rudi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé bàtà ni, tẹ́ ẹ fi ń wá èkejì rẹ̀?”

Mo rà á, mo fi rọ́pò èyí tó kú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tanná. Mo gbé ọmọ mi síwájú rẹ̀, mo nà á ró, mo sì yọ ọwọ́ mi. Ó ṣubú.

Ó jókòó sínú iyanrìn, ó ń gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ dànù. “Màmá, èyí kọ́ lẹ gbìn. Mo rí yín lójú fèrèsé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ gbìyànjú fún yín ni.”

Oṣù mẹ́ta ti pé kí n tó gbé e padà. Obìnrin ọsibítù náà kò bá mi wí. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.” Mo bi í léèrè ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn gbà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà báyìí, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Mo ṣì gba àwọn wòlíì náà gbọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílùú wọn ni àwọn wòlíì náà ń tù nínú. Kò sí wòlíì kan tó ní kí ẹnikẹ́ni wọn omi agolo kó tó rí ìwòsàn. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi kò bi mí rí nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá dá ọjọ́ ìtọ́jú fún ọmọ yín, ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ náà.