Ìwé Tí A Fi Bá Ilé Ọtí Jà ní Bárígà

Nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, tí àwọn ilé ọtí tún ṣílẹ̀kùn, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ máa ń ní kí n sọ ìtàn àwọn ìyanṣẹ́lódì tí mo ti bá ẹgbẹ́ ṣe. Ìyẹn ti sú mi. Èyí tí a ṣẹ́gun nìkan lẹ máa ń fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo fi jẹun fún ọgbọ̀n ọdún ní Ṣómólú, èmi sì ni alága ẹgbẹ́ àwa atẹ̀wé òpópónà wa nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ, mo sì ń mu ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Lọ́sàn-án Sátidé, bí a bá ti palẹ̀ ẹ̀rọ mọ́, Bàbá Ẹ̀bùn a wá pè mí ní Ṣómólú, àwa méjèèjì a forí lé ilé ọtí kan ní Bárígà. Apẹja ni Bàbá Ẹ̀bùn, ọmọ Ìlàjẹ láti etí òkun Oǹdó, ojú ọ̀sà Bárígà ló sì ń gbé. Ogún ọdún la ti jọ ń jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ó jókòó tì mí ní Sátidé mẹ́ta láìsọ nǹkan kan, torí ó mọ̀ pé etí mi ti kún fún "ẹ pẹ̀lẹ́".

Obìnrin kan wá ra ilé ọtí náà. Màdáàmù ni gbogbo wa ń pè é. Ó tún un kùn, ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ó gbé àga tìmùtìmù wọlé, torí àwọn olówó àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Akọka ló ń wá. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí a débẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe náà, ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí gbé tèmi wá kíá. Bàbá Ẹ̀bùn ò rí nǹkan kan. A pe ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dé, etí mi ló tẹ̀ sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù ní kí àwọn apẹja máa jókòó síta."

"Síta ibo?"

"Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Wọ́n ní òórùn ẹja ń lé kọ́sítọ́mà."

Bàbá Ẹ̀bùn ti wẹ̀ kó tó wá. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Èmi gan-an ni yíǹkì kún inú èékánná mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Alága, máa mu tìẹ, mò ń lọ sílé."

Mo wá Màdáàmù lọ. Inú ń bí mi. Mo ní, "Ẹja tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ata fún àwọn kọ́sítọ́mà yín, ta ló ń pa á?"

Ó ní, "Bàbá, ẹja ni mo rà. Mi ò ra apẹja."

Mo jáde síta. Mo sáré tẹ̀ lé Bàbá Ẹ̀bùn, mo bá a lójú ọ̀nà, mo sì búra fún un pé ní Sátidé tó ń bọ̀, inú ilé ọtí yẹn ni a ó jókòó sí.

Ó ní, "Alága, fi wọ́n sílẹ̀. Bí a bá jà kí a tó wọlé, ṣé ọtí yẹn á dùn?"

Mi ò gbọ́. Mo pe ìpàdé ẹgbẹ́. Ràsákì akọ̀wé wa, Mùsùlùmí tí kì í mu ju máàtì lọ, ló gbóná jù. Ó ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A fẹnu kò pé a ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí náà, a ó sì pín ìwé pélébé tí yóò ní kí aráàlú má ra ọtí níbi tí wọ́n ti ń ya èèyàn sọ́tọ̀.

Bébà ti gbówó lórí. Ní Ṣómólú, a kì í sì í ju bébà tó bàjẹ́ nù. Àwọn tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò kí àwọ̀ tó jókòó dáadáa, a máa ń kó wọn jọ. Wéèsì là ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn wọn mọ́, a sì lè tẹ nǹkan mìíràn sí i.

Ràsákì ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká ra bébà tuntun."

Mo ní, "Ràsákì, ìjà la fẹ́ lọ jà, a ò lọ ṣègbéyàwó."

Mo gba wéèsì lọ́wọ́ aládùúgbò wa tí òun náà ń tẹ̀wé, ìdì ńlá kan. Ètò ìsìnkú ló wà lójú èyí tó wà lókè. Mi ò wo ìsàlẹ̀. Mo kó o sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn mẹ́rìnlá ló jáde nínú wa. Bàbá Ẹ̀bùn náà wá. Ó dé fìlà funfun, ó dúró sí òdìkejì títì, ó ń retí kí n wá mú un wọlé. A bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń kà á, wọ́n ń yí i padà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wọlé. Mo rò pé wọ́n ń lọ bá Màdáàmù wí ni. Ilé ọtí kún débi pé àwọn kan dúró mu tiwọn.

Ọkùnrin kan wá bá mi. "Bàbá, ṣé ìwé yìí la máa fi hàn wọ́n kí wọ́n tó fún wa ní ìkẹta?"

"Ìkẹta kí ni?"

Ó yí i padà. Àwòrán ìgò ló wà níbẹ̀, àti orúkọ ilé ọtí náà gàdàgbà: Mu méjì, gba ìkẹta lọ́fẹ̀ẹ́, mú ìwé yìí dání. Aládùúgbò wa ló ti bá Màdáàmù tẹ ìpolówó ọjà rẹ̀.

Màdáàmù jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ mà ti bá mi ṣiṣẹ́." Oòrùn ń mú. Ẹnì kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín, ó wọlé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní méjì, ní mẹ́ta. Ràsákì ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ilé lọ.

Bàbá Ẹ̀bùn ti sọdá. Ó ka ojú kan, ó ka ìkejì.

"Alága, ẹ̀yin lẹ tẹ èyí?"

"Àwa ni."

"Ojú méjèèjì?"

Mo ní wéèsì ni, mo ní mi ò wò ó. Ó ká ìwé náà, ó fi sápò, ó lọ.

Kí la jèrè? Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kúrò, Màdáàmù sì ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé òun ò lé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, kò sí apẹja kankan tó tún dé ibẹ̀ tó máa lé. Ohun tí a pàdánù, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ti bẹ Bàbá Ẹ̀bùn títí. Ó ní òun ò bínú, a sì ń kí ara wa. Àmọ́ kò wá sí Ṣómólú mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá fẹ́ jà fún èèyàn, ẹ bi í ní ohun tó ń fẹ́. Bàbá Ẹ̀bùn ti sọ tirẹ̀ fún mi, èmi ni mo fẹ́ jẹ́ alága.

Mo padà sí ilé ọtí náà. Gbogbo ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ilé mi sì dá páropáro. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá Ẹ̀bùn gbé ẹja wá sí ilé ìdáná wọn láti ẹ̀yìn, torí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ sí ibi tí mo jókòó. Ó rí mi, ó mi orí kí mi, ó sì dúró díẹ̀. Mo ń wo ìgò iwájú mi títí ó fi lọ.