Firísà Tí Bàbá Mi Kò Kà

Bí ẹ bá fẹ́ fi sólà sílé yín, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wo páànù orí ilé yín bóyá ó ti jẹrà, kí ẹ wo igi tó lè ṣíji bò ó, kí ẹ sì wo ibi tí oòrùn máa ń pẹ́ sí jù. Gbogbo rẹ̀ la wò. A tilẹ̀ gé ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò wa, ó sì bá wa yan odì. Bàbá mi nìkan la kò wò.

Ìyá mi ń ta ẹja inú yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Firísà rẹ̀ tóbi, owó ọjà rẹ̀ ló sì fi rà á. Àwọn oníná ti mú iná lọ rí tí wọn kò rántí wa títí ẹja fi bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán tòru mọ́. Ìyá mi wá sọ pé bí ẹja òun bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, òun á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin tó ti ń jí lọ kó ẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ẹ bá ní kó jókòó sílé, àìsàn lẹ ń wá fún un. Ohun tó jẹ́ ká ra sólà nìyẹn.

Ọmọbìnrin Ọ̀ṣun kan tó ń gbé ní Ìjagun ló fẹ́ bá wa fi í. Ó ní òun gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tó ń lo iná nílé, kí òun tó mọ irú bátìrì tó máa gbé e. Lọ́jọ́ tó wá kà á, ìyá mi ti lọ kó ẹja, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà pẹ́ kí n tó ti Ayépé dé, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́. Nígbà tí mo wọlé, òun àti bàbá mi ti kà á dé ìdajì.

"Bàbá, ẹ ò ní áyọ́ọ̀nù?"

"Áyọ́ọ̀nù kẹ̀? A kì í lọ aṣọ nílé yìí."

Gàtà, ìlà áyọ́ọ̀nù ara ṣòkòtò tó wọ̀, sì lè gé iṣu.

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi ńkọ́?"

"Kànga la ní."

Ó gbàgbé láti sọ pé ẹ̀rọ wà nínú kànga.

Ẹ má bínú sí i. Wọ́n kọ́ bàbá mi láti kékeré pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òun fúnra rẹ̀ sì fi kún un pé a kì í ka ẹrù fún àlejò. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti mọ ohun tó wà nílé rẹ ti mọ ìdí tó fi yẹ kó padà wá. Mo fẹ́ dá sí i, ó ṣẹ́jú sí mi, mo dákẹ́. Mo ṣáà rò pé wọ́n ti ka firísà kí n tó dé. Ṣebí firísà ló ni ọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n tan sólà náà, gílóòbù tàn, fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n bàbá mi ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi wá ki wáyà firísà bọ ihò iná. Ínfátà tó ń gbé iná bátìrì wọlé ké, gbogbo ilé dákẹ́ wẹ́lo. A tún un tàn, ó tún ké. Mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù.

"Firísà wo?" ló bi mí.

Mo wo ojú bàbá mi.

"Tèmi kọ́," ó ní. "Ti ìyá yín ni. Ohun tí mo ní ni wọ́n bi mí."

Kò parọ́. Nílẹ̀ wa, ọkọ tó bá ń ka ọjà ìyàwó mọ́ tirẹ̀, àwọn àna rẹ̀ á ránṣẹ́ sí i. Síbẹ̀ inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Bí inú bá ń bí i, Ìjẹ̀bú paraku ló máa ń sọ, àwa ọmọ rẹ̀ kì í sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé: "Ẹ ka gílóòbù ilé ìwẹ̀. Ẹ ò ka èmi."

Ó ta ẹja ọjọ́ náà ní àtàdànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ firísà bí ẹni tó fẹ́ tà á. Oúnjẹ bàbá mi kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í bá a wá. Bàbá mi ń jẹun bí ẹni tó wà ní ilé onílé. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, n kò sì jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà wá, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọwọ́ lé firísà, ó ní ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ka áyọ́ọ̀nù, ó ka ẹ̀rọ omi, ó tún ka ìkòkò oníná kan tí èmi kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ọmọbìnrin náà ní bátìrì wa kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Owó mìíràn kò sì sí.

"Kí ni kí n yọ, Bàbá?"

Bàbá mi nawọ́ sí ọ̀nà ilé.

"Gbogbo ohun tó wà ní yàrá mi ni kí ẹ yọ. Ẹ fi firísà sí i."

Ìyá mi wà lórí àpótí rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò yíjú padà.

"Ẹ fi fáànù sílẹ̀ fún bàbá wọn," ó ní. "Ooru kì í jẹ́ kí wọ́n sùn."