Igun Méjì tí Rokibat Kọ

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Kẹ́hìndé Àjàyí ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àdúgbò Fate. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ni bàbá tó bí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ fún ọ pé kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òbí, kì í sì í fi máàkì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Òun náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn gan-an ló ń gún un lọ́kàn jù, nítorí ohun kan wà tó ṣe lọ́dún 2017 tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ àfi òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Lọ́dún náà, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì SS2 tó ń jẹ́ Rokibat. Ọmọ Pàkátà ni, bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Abdulmumini tó ní ilé-kéwú níbẹ̀. Rokibat kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé rẹ̀ kì í mọ́, ó máa ń pa nǹkan rẹ́ kọjá ààlà, ó sì máa ń ya àwòrán sí etí ìwé. Àjàyí ò fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ to tẹ̀lé ara wọn bí òun ṣe kọ ọ́ sójú pátákó.

Nígbà tí ìdánwò òpin ọdún dé, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí onígun mẹ́ta. Ó fún wọn ní igun kan, ọgbọ̀n dígírì. Ó fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, èkejì, tó dojú kọ igun náà, jẹ́ márùn-ún. Ó ní kí wọ́n wá igun tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ. Ìdáhùn tó wà nínú ìwé tó fi ń máàkì ni dígírì mẹ́tàléláàádọ́ta. Gbogbo ọmọ tó gbà á ló kọ 53. Rokibat nìkan ló kọ ọ́ pé: "53 tàbí 127."

Inú bí Àjàyí. Lójú tirẹ̀, ọmọ yìí ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ló bá kọ wọ́n pọ̀, pé ọ̀kan á ṣáà bọ́ sí i. Ó fa ìlà pupa gùn gàràrà dábùú iṣẹ́ náà, ó fún un ní òdo nínú máàkì mẹ́fà. Rokibat wá gba mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá sì gba àádọ́ta nínú ìṣirò ò lè wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́.

Lọ́jọ́ tó dá ìwé padà fún wọn, Rokibat dìde, ó mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wá síwájú.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, méjèèjì ló ṣeé ṣe."

Àjàyí gba ìwé náà, ó gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. "Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! Ó da àwọ̀n sódò, ó ní ẹja tó bá wọlé, tòun ni. Màgòmágó lèyí, Rokibat. Olè ni ẹni tó bá ń ṣe báyìí. Kà á sókè fún wọn."

Ọmọ náà kà á. Nígbà tó dé orí "tàbí," kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Rokibat Tàbí.

Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Àjàyí gbọ́ pé bàbá ọmọ náà ń bọ̀ wá rí púrínsípà, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó mú rúlà àti kọ́ḿpáàsì, ó ní òun á ya onígun mẹ́ta náà bó ṣe yẹ kó rí, kí òun fi han Àlùfáà. Ó fa ìlà ìsàlẹ̀. Ó gbé igun ọgbọ̀n dígírì dúró lé e. Ó wọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ gòkè, ó wá ṣí kọ́ḿpáàsì ní márùn-ún, ó fi ẹnu rẹ̀ gún orí ìlà náà, ó sì yí i wá sílẹ̀.

Kọ́ḿpáàsì gé ìlà ìsàlẹ̀ níbi kan. Ó tún gé e níbòmíràn.

Ó tún un yà. Ibi méjì náà ni. Onígun mẹ́ta méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín, méjèèjì ló bá ohun tó bèèrè mu. Igun ti àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Ti èkejì jẹ́ mẹ́tàdínláàádóje. Ó rántí pé wọ́n kọ́ òun ní nǹkan yìí rí ní yunifásítì, òun ló jẹ́ kó fò lọ lórí òun.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀, yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Tẹniọlá, kí ló dé tí ẹ dákẹ́ báyìí?"

"Kò sí nǹkan kan," ó ní, ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó fi sápò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbéra lọ sí ọ́fíìsì púrínsípà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí púrínsípà ń sọ fún ẹnìkan nínú pé bí gbogbo tíṣà bá le bíi Àjàyí ni, ilé ẹ̀kọ́ yìí ì bá ti dára ju báyìí lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọlé mọ́. Ó ní òun á padà wá tó bá di ìsinmi ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n kí ìsinmi ọ̀sán tó tó, Àlùfáà Abdulmumini ti dé. Ọkùnrin gíga ni, ó we láwàní funfun, Rokibat sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ojú Àjàyí ló wò.

"Tíṣà, èmi ò mọ ìwé yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo wá gbọ́. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ mi ṣe màgòmágó?"

Púrínsípà wà níbẹ̀. Tíṣà méjì míràn wà níbẹ̀. Ìwé tó ká mẹ́rin wà nínú àpò Àjàyí.

"Ìdáhùn méjì ló kọ, Àlùfáà," ó ní.

Òótọ́ ni gbólóhùn náà. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, irọ́ gbáà sì ni. Àlùfáà yíjú wo ọmọ rẹ̀. Rokibat ń wo Àjàyí ni. Bàbá náà dúpẹ́, wọ́n jáde lọ. Rokibat ò padà sí ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ sọ pé owó òun ò ní í kọ́ ọmọ ní jìbìtì, kó lọ dúró ti ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Ọdún méje kọjá. Àjàyí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ tún wá le sí i. Ṣùgbọ́n kò bi àwọn ọmọ ní irú ìbéèrè yẹn mọ́. Bó bá máa bèèrè nípa onígun mẹ́ta, á kọ́kọ́ yà á sórí ìwé nílé, á rí i dájú pé ẹyọ kan ló lè jáde. Bó bá sì rí ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù funfun tó na ọwọ́ ní kíláàsì, á yára yíjú sí pátákó.

Ní ọdún 2024, wọ́n gbé tíṣà tuntun kan wá, Túnmiṣe, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni kó kó àwọn ìbéèrè àtijọ́ jọ. Ó jókòó sí yàrá àwọn tíṣà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, ìbéèrè ti 2017 yìí dára o. Ìdáhùn méjì ló ní. Kí ló dé tí ẹ ò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́?"

Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. Àjàyí fẹ́ sọ pé kò sí ìdí kan pàtó. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, láti orí ìlà pupa títí dé orí ọ̀rọ̀ tó sọ fún Àlùfáà. Túnmiṣe gbọ́ ọ dé òpin.

"Ṣé ẹ ti sọ fún ọmọ náà, sà?"

"Rárá."

Kò dá a lẹ́bi. Kò tù ú nínú. Ó kàn tẹ orí ba, ó ń to ìwé rẹ̀ lọ. Àjàyí ì bá fẹ́ kó bú òun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sí Ọjà Tuntun. Kò pẹ́ tó fi rí ṣọ́ọ̀bù ìyá Rokibat, híjáàbù àti ìborùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Rokibat ló jókòó síwájú. Ó ti dàgbà, ó ti di obìnrin. Bó ṣe rí Àjàyí, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó ronú sí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Dìde, jọ̀wọ́. Rokibat, mo jẹ̀bi rẹ. Ìdáhùn tó o kọ lọ́jọ́ náà, méjèèjì ló tọ̀nà."

Rokibat dìde, ó gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Mo mọ̀, sà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí mo délé, mo gé páálí bisikíìtì sí onígun mẹ́ta méjì. Mo gbé e tọ bàbá mi lọ. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò níwájú àwọn, pé tíṣà ò lè purọ́ mọ́ mi." Ó wo Àjàyí lójú. "Ìgbà wo lẹ̀yin wá mọ̀?"

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀ yẹn. Ó lè sọ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó lè sọ pé tíṣà tuntun ló ṣí òun lójú.

"Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni."

"Kí bàbá mi tó wá?"

"Kí bàbá rẹ tó wá."

Oníbàárà kan yà, ó ń bèèrè híjáàbù aláwọ̀ ewé. Rokibat rẹ́rìn-ín sí i, ó nà á jáde, ó ká a fún un, ó dúpẹ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ẹ̀rín náà bá a lọ.

"Máàkì mẹ́fà kọ́ ló dùn mí, sà. Ẹ pè mí lólè, bàbá mi sì gbà yín gbọ́. Kí ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́, èmi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ni kí ẹ lọ sọ fún."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ náà, Àjàyí wà ní Pàkátà. Àlùfáà Abdulmumini ti darúgbó, àwọn ọmọ kéwú ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká ni. Àjàyí dọ̀bálẹ̀, ó sì rò ó fún un, kò fi ibì kankan pa mọ́. Àlùfáà na ọwọ́ mú wàláà kan tí wọ́n ti fọ̀ nù, ó gbé e fún un.

"Ẹ yà á kí n rí i."

Àjàyí fi òwú ṣe kọ́ḿpáàsì, ó fi ẹfun yà á. Òwú náà kan ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àlùfáà fi ìka tọ ọ̀kan, ó fi ìka tọ èkejì.

"Lọ́jọ́ tí mo bi yín, ẹ ti rí èyí?"

"Mo ti rí i, Àlùfáà."

"Subuhánálláì." Bàbá náà di orí mú. "Ó gbé páálí wá bá mi. Mi ò wò ó. Ọmọ tí mo bí ń pè mí wá wo nǹkan, mi ò wò ó, torí pé ẹ̀yin ni tíṣà." Ó ní kí wọ́n bá òun pe Rokibat lórí fóònù. Nígbà tí ọmọ náà gbé e, ohùn Àlùfáà ò dúró dáadáa. "Rokibat, mo ti rí i. Méjèèjì. Forí jì mí." Wọn ò gbọ́ èsì kankan, ṣùgbọ́n fóònù náà ò kú. Àlùfáà gbé e mọ́ etí lọ títí, Àjàyí sì dìde jẹ́ẹ́, ó jáde.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kọ lẹ́tà sí púrínsípà pé òun ṣi máàkì, pé òun mọ̀, pé òun dákẹ́. Púrínsípà mìíràn ló ti wà níbẹ̀ báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Àjàyí fi àáké kọ́rí pé àfi kí wọ́n fi í sínú fáìlì. Ó mú ẹ̀dà kan fún Rokibat, ó ní bó bá fẹ́ padà sídìí ìwé, òun á máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Rokibat gba lẹ́tà náà. "Mo ti forí jì yín nítorí Ọlọ́hun, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó síwájú yín mọ́."

Ọ̀dọ̀ Túnmiṣe ló lọ. Ó ń ti ọjà wá sí lẹ́sìnnì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ṣe ìdánwò lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó gbà á dáadáa. Wọ́n ti mú un báyìí ní polí, ẹ̀kọ́ sìtatísíìkì ló ń kọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní SS2 ti jáde tipẹ́, ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọ̀kan ti di nọ́ọ̀sì.

Àjàyí pàdé Rokibat ní Challenge lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ó kí i dáadáa, ó ní iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dé, ó wọlé.

Nígbà tó délé tó sọ fún Ìyábọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní kó fi ara rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀, pé ó ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe.

"Mo ṣe é," Àjàyí ní. "Ọdún méje ni mo fi pẹ́."