Fáànù Tí Kò Pariwo

Láti ìgbà tí àìsàn ti gba etí Fáòsíà ni kò ti jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, fíìmù ló kàn. Fáòsíà á máa bú ọ̀dájú inú fíìmù bí ẹni pé ọ̀dájú náà ń gbọ́ ọ, Abọ́dúndé ọkọ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, bó bá ti palẹ̀ abọ́ mọ́, yàrá ló ń wọ̀.

Gbogbo àdúgbò Alajo ló mọ Abọ́dúndé sí Alata, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe. Ilé tó dá páropáro yìí sú u. Ó ní bí etí ò bá gbọ́, ara á gbọ́. Ó bá ra áńpù àlòkù kan ní ọjà Okaishie, alágbára tí wọ́n fi ń gbé orin sókè lóde ìgbéyàwó, kó lè fún gbohùngbohùn ńlá tó gbé sábẹ́ àga wọn lágbára láti mi àga náà.

Ṣùgbọ́n fáànù ẹ̀yìn áńpù náà ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò sí oníbàárà tó ń gbé irú rẹ̀ wọ pálọ̀ tí kì í bẹ Abọ́dúndé kó bá òun pa ariwo yẹn. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tú fáànù náà, ó fi kékeré kan tó ń rọra yí rọ́pò rẹ̀. Ó dẹtí sí i, kò gbọ́ nǹkan kan, inú rẹ̀ dùn.

Ó fa ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó tan fíìmù. Bí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, àga gbọ̀n. Fáòsíà gbé ọwọ́ lé àyà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì bú ọ̀dájú náà tìyátìyá. Omi lé ròrò sójú Abọ́dúndé.

Atẹ́gùn fáànù kékeré náà kò ká ooru áńpù. Fáòsíà ló kọ́kọ́ gbóòórùn èéfín. Kí ọkọ rẹ̀ tó yọ wáyà, inú áńpù ti jóná kọjá àtúnṣe. Ó wá ìfà, ó rí òfò.

Fáòsíà fọwọ́ kan àga, ó ní, "Bàbá Khàlíl, ó ti dákẹ́?"

Abọ́dúndé gbé fáànù ńlá tó tú sílẹ̀ hàn án, ó fọwọ́ di etí méjèèjì, kó lè yé e pé nítorí ariwo lòun ṣe yọ ọ́. Fáòsíà wò ó títí.

"Ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn," ó ní. "Ariwo tí mi ò lè gbọ́ lẹ pa. Ẹ ṣì ń retí pé mo máa gbọ́."

Ó kó abọ́, ó wọ yàrá. Abọ́dúndé fẹ́ pè é padà. Orúkọ rẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó rántí.